Ẹ Bi Màmá Tíṣà: Níbo Ni Òyìnbó Ti Rí “Gossip”?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ju èyí tí mo lè dáhùn lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá lórí ohun kan náà: ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó fi ń pe ọ̀rọ̀ sísọ, àti èyí tí wọ́n fi ń pe oge. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 34, àmọ́ ẹ ò jẹ́ kí n sinmi. Mi ò bínú. Mo mú díẹ̀, mo kó ìyókù padà sínú agolo bisikíìtì tí mo ń fi lẹ́tà yín pamọ́ sí.

Aránṣọ kan, Òṣogbo:
Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Kò sí oníbàárà tó máa dé ṣọ́ọ̀bù mi tí kò ní béèrè pé, “Stáìlì wo ló wà níta báyìí?” Ọmọ mi tó wà ní SS2 wá ń sọ pé tíṣà àwọn ní ẹni tó ń kọ̀wé náà ní stáìlì tirẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, àwa aránṣọ àbí àwọn akọ̀wé?

Ìdáhùn:
Ẹ má bínú, ìyá oge, akọ̀wé ló ni ín. Ohun èlò kan ni. Bí ará Róòmù àtijọ́ bá fẹ́ kọ ohun tí yóò pa rẹ́ tó bá yá, bí ìṣirò ọjà tàbí iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé, pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n da ìda oyin sí ló ń lò. Ọ̀pá ṣóńṣó kan ló fi ń ha ọ̀rọ̀ sójú ìda náà. “Stilus” ni orúkọ ọ̀pá yẹn lédè Látìnì. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sílé kéú á tètè mọ ohun tí mò ń wí: pátákó yẹn ni wàláà wọn, stilus ni kálàmù, àfi pé tiwọn kì í mu tàdáwà. Ìdí ọ̀pá náà pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá ṣì í kọ yóò dorí rẹ̀ kodò, yóò fi ìdí yẹn tẹ́ ojú ìda padà bí ẹni ń tẹ́ ojú àmàlà. Horace, akéwì wọn, gba ẹni tó bá fẹ́ kọ ohun tí èèyàn á kà lẹ́ẹ̀mejì níyànjú pé kó máa dorí stilus rẹ̀ kodò lóòrèkóòrè. Mo kọ ìmọ̀ràn yẹn sójú pátákó lọ́dọọdún títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Láti ara ọ̀pá ni orúkọ náà ti ṣí bọ́ sára ọwọ́ tó dì í mú, ìyẹn bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń to gbólóhùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó dé ilé kíkọ́, orin àti aṣọ. Lẹ́tà “y” tó wà nínú rẹ̀, àṣìṣe ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé “stylos” ti Gíríìkì ló bí i, òpó ilé sì ni ìyẹn, kò kàn án rárá. Àṣìṣe yìí ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ ọ́ bó ṣe yẹ lónìí, òun ni wọn yóò pè ní olódo.

Ṣùgbọ́n ẹ gba èyí lọ sí ṣọ́ọ̀bù: “fashion” ni tiyín. “Facere”, kí èèyàn ṣe nǹkan, ni ìdí rẹ̀ ní Látìnì. Bí a ṣe gé nǹkan, bí a ṣe ṣe é, ni fashion kó tó di ohun tó lòde. Ìyá kan náà ló bí òun àti “faction”, àwọn tó ya kúrò lára ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti rán aṣọ ẹbí fún ìdílé tó ń jà, tí apá kan ní àwọn ò lè wọ ohun tí apá kejì wọ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣì ń gbé pọ̀.

Ẹ tún gba ẹ̀bùn kan sí i. “Bombast”, tí wọ́n fi ń pe ọ̀rọ̀ kàǹkàkàǹkà tí kò ní nǹkan nínú, òwú ni. Ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, òwú yìí ni àwọn aránṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kì sínú ẹ̀wù ọkùnrin kí àyà rẹ̀ lè yọ. Iṣẹ́ yín lẹ fi bú àwọn tó ń fọ gírámà, ẹ ò mọ̀.

Onífọ́tò kan, Ṣàgámù:
Mo kọ “Glamour” sójú ṣọ́ọ̀bù mi, Màmá. Kí ni mo kọ?

Ìdáhùn:
Gírámà lo kọ. Mi ò ṣàwàdà. Láyé àtijọ́, bí èèyàn bá mọ̀wé jù, àwọn aládùúgbò á ní ó lóògùn. Àwọn ará Scotland yí “grammar” po lẹ́nu, ó di “glamour”, wọ́n sì fi ń pe oògùn tó ń jẹ́ kí ojú rí ohun tí kò sí. Ìwé Walter Scott ló gbé e dé etí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yòókù. Bí o ṣe ń fi kọ̀ǹpútà nu iléròrò kúrò lójú àwọn ọmọge, kò sí orúkọ tó lè bá iṣẹ́ rẹ mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Ìjọ kan, Abẹ́òkúta:
Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi, Pétérù Kìíní 3:1 sọ pé a lè jèrè ọkọ tí kò gbọ́ràn “without the word”, nípa “conversation” aya rẹ̀. Báwo ni obìnrin ṣe ń ṣe conversation láìsọ̀rọ̀?

Ìdáhùn:
Nínú gbogbo ìbéèrè oṣù yìí, èyí ló dùn mọ́ mi jù. Mo jókòó níbi ìgbéyàwó kan rí, tí oníwàásù fi ẹsẹ yìí gba ìyàwó níyànjú pé kó máa bá ọkọ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ dáadáa. Ó wàásù fún wákàtí kan ó lé. Mo fẹ́ nawọ́, ọmọ mi fà mí láṣọ.

Lọ́dún 1611 tí wọ́n tẹ Bíbélì King James jáde, conversation tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. “Conversari” ni ìdí rẹ̀ ní Látìnì: kí èèyàn máa yí kiri láàárín àwọn kan, kó máa bá wọn gbé, kó máa bá wọn wọlé jáde. Ìgbé ayé ẹni ni, ìwà ni. Ohun tí Pétérù ń wí ni pé kí obìnrin pa ẹnu mọ́, kí ìwà rẹ̀ máa wàásù. Oníwàásù ọjọ́ yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìtumọ̀ tòní, ìtàkúrọ̀sọ, ti ń yọjú láti ìparí sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, nígbà tó yá ló lé àgbà kúrò nílé.

Ẹ wá ṣí Bíbélì Yorùbá yín síbi kan náà. “Ìwà” lẹ ó bá níbẹ̀: láìsọ̀rọ̀, nípa ìwà àwọn aya wọn. Ẹ lọ sí Fílípì 1:27, níbi tí Òyìnbó tún ti kọ conversation, ìwà náà ló wà nínú tiwa. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, tí odindi Bíbélì náà jáde lọ́dún 1884, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tàn wọ́n. Ìyá àgbà tó ń fi ìka tọ ẹsẹ Bíbélì Yorùbá lábẹ́ àtùpà mọ ohun tí Pétérù wí ju ọmọ London tó ń ka King James lónìí lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbé pọ̀ yìí tún wọ yàrá lọ. Ní kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, “criminal conversation” ni orúkọ ẹ̀sùn tí ọkọ fi ń gba owó ìtánràn lọ́wọ́ ọkùnrin tó bá aya rẹ̀ lò pọ̀. Òfin ìgbéyàwó ọdún 1857 ló fagi lé e níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún baálé ilé kan nígbà náà pé lágbájá ní irú conversation bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ọjà.

Ìyá Ìbejì, Peckham, London:
Màmá, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n pè mí ní “gossip” níbi iṣẹ́ nítorí pé mo béèrè bí ara ìyá ẹnì kan ṣe rí, ìyá náà wà lọ́sibítù. Ó dùn mí. Ọ̀rẹ́ mi wá fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé àwọn olóṣèlú àtijọ́ ló máa ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ ilé ọtí, wọ́n á ní “go sip”, kí wọ́n lọ máa mu díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, “eavesdrop” ńkọ́?

Ìdáhùn:
Irọ́ ni. Irọ́ tó wọ aṣọ àríyá ni, irú èyí tí WhatsApp fẹ́ràn. Ẹ máa fura sí ìtàn yòówù tó bá la ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí méjì bí ẹni la obì, tó wá ní ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí.

“Godsibb” ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. “God” ni Ọlọ́run, “sibb” ni ìbátan, ẹ ó rí i nínú “sibling” títí dòní. Godsibb ni ẹni tó dúró fún ọmọ níbi ìsàmì, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ di ìbátan àwọn òbí ọmọ nínú Ọlọ́run. Láti ibẹ̀ ó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Bí obìnrin bá ń rọbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, wọn kì í gba ọkùnrin láyè nínú yàrá. Àwọn gossip rẹ̀ ló ń yí i ká, àwọn obìnrin àdúgbò tó fọkàn tán. Ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì mọ bí ìrọbí ṣe ń pẹ́ tó. Kí ni obìnrin márùn-ún yóò máa ṣe nínú yàrá kan láti àárọ̀ dalẹ́, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀? Lójú tèmi, ọkùnrin tó ń rìn gbéregbère níta, tí kò gbọ́ nǹkan kan, ló sọ orúkọ náà di èébú. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, kì í ṣe èèyàn nìkan ló ń jẹ́ gossip mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà ti ń jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ ní ẹ ṣeun. Ẹni tó ń béèrè ìyá ẹni lọ́wọ́ ẹni, ìbátan ni. Bó bá ṣe olófòófó ni wọ́n fẹ́ pè yín, kí wọ́n lọ wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

“Eavesdrop” rọrùn fún ẹni tó bá mọ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, omi òjò tó ń ti etí òrùlé dà sílẹ̀. Ilẹ̀ tó ń dà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní orúkọ tirẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ẹni tó bá wá dúró síbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí, tó lẹ etí mọ́ ògiri láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé, òun ni wọ́n fi ilẹ̀ yẹn sọ lórúkọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin wọn nígbà náà. (Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi rí pé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ jọ tan nítorí pé wọ́n jọ dún. Mo fi bírò pupa fa igi sí i.)

Oníṣòwò kan, Àjàṣẹ́:
Màmá, ẹ kú àárọ̀. Faransé la fi kàwé níbí. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ará Èkó tó wá rajà ń sọ “palaver”. Mo ní ṣebí “parler” tiwa ni wọ́n bà jẹ́, àbí?

Ìdáhùn:
Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ò tíì dé ibẹ̀. Àwọn Potogí ló mú un wá. “Palavra” ni ọ̀rọ̀ lédè wọn títí di òní, ní Lisbon àti ní Bahia ilẹ̀ Brazil. Nígbà tí wọ́n ń ṣòwò ní etíkun Áfíríkà níbí, bí wọ́n bá jókòó dúnàá-dúrà pẹ̀lú ọba tàbí olóyè, palavra ni wọ́n ń pè é. Àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, wọ́n gbé e lọ sílé ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kì í tètè parí, ó sì sábà máa ń di ariwo. Bó ṣe di wàhálà lẹ́nu àwọn tó ń sọ pijin nìyẹn. Àwọn ọmọ Àgùdà, tí baba ńlá wọn ti Brazil padà wá, pọ̀ ní Àjàṣẹ́ yín, ilé tiwọn ni kí ẹ ti béèrè palaver, kì í ṣe ilé Faransé.

Àmọ́ parler náà kì í ṣe àlejò sí i. “Parabola” ti Látìnì, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì, ló bí méjèèjì. Kí a gbé nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì kí a fi wọ́n wéra ni. Òwe tí Jésù ń pa nìyẹn, “parable”. Àwọn èèyàn gbọ́ parabola lẹ́nu àlùfáà títí, gbogbo ọ̀rọ̀ wá di parabola lójú wọn.

Ọmọ àti ẹbí parler ò lóǹkà. “Parliament” ni ilé ọ̀rọ̀. “Parole” ni ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́wọ̀n fi ṣe ẹ̀jẹ́ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. “Parlour” sì ni yàrá tí wọ́n ti ń gba àwọn mọ́ńkì láyè láti bá àlejò sọ̀rọ̀, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni òfin ìyókù ilé wọn. Òun náà ni pálọ̀ tó wà nílé gbogbo wa n'Ìbàdàn níbí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday tó kọjá ni mo sọ èyí fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, mẹ́rin wọn, wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi, kálukú dorí kodò sí fóònù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo ní ó dáa, a ti di mọ́ńkì.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ káàsán mà. Mo kọ “let us rub minds” sínú iṣẹ́ tí wọ́n fún wa, olùkọ́ wa fa igi sí i. Ó tún fa igi sí “gist”. Ta ló jàre nínú wa?

Ìdáhùn:
Ìwọ àti olùkọ́ rẹ, ẹ jọ jàre. Ní oṣù kìíní 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford fi ọ̀rọ̀ 29 kún tirẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà. “Rub minds” wà níbẹ̀, gist bí àwa ṣe ń sọ ọ́ wà níbẹ̀, “tokunbo” náà wà níbẹ̀, ọmọ tiwa tó tún gba òkun kọjá. Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n. Wọn ò ní kí o kọ wọ́n sínú ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ kóòtù ni gist. Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń fi Faransé ro ẹjọ́, wọ́n á ní ẹjọ́ yìí “gist” lórí nǹkan báyìí, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ló sùn lé. Oníṣòwò wa ará Àjàṣẹ́ á ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí sàréè: “ci-gît”, ìhín ni lágbájá sùn sí. Kókó ẹjọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́, ó wá di kókó ọ̀rọ̀, àwa sì sọ ọ́ di “ẹ wá gbọ́ jíìsì”, tí kì í ní kókó kankan nínú nígbà mìíràn.

Bàbá kan, Kúdẹ̀tì, Ìbàdàn:
Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú làálàá. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì. Mo mọ̀ pé “peculiar mess” ni, mo mọ ẹni tó sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì wà kí wọ́n tó dé ẹnu Adélabú.

Ìdáhùn:
Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí àwọn ọmọdé gbọ́. Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn, ará ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, ni olórí àwọn alátakò nílé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Gẹ̀ẹ́sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ó pe ọ̀ràn kan ní peculiar mess, àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ bó ṣe dún, ó wù wọ́n, wọ́n gbé e wọ ọjà. Ó di orúkọ òun alára. Ọmọ ọdún 42 ni nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ pa á ní oṣù kẹta 1958, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Wọlé Ṣóyínká fi í sínú àkọlé ìwé rẹ̀ kan lórí Ìbàdàn tó jáde ní 1994.

“Pecu” ni ẹran ọ̀sìn ní Látìnì. Ẹran ọ̀sìn ni owó nígbà náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí “peculium” fi jẹ́ ohun ìní tí bàbá tàbí ọ̀gá yọ̀ǹda fún ọmọ tàbí ẹrú pé kó máa mójú tó bíi tirẹ̀. Láti ibẹ̀, peculiar di ohun tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ó di ohun tó yàtọ̀, ó wá di ohun tó ṣe bákan. Kí Bàbá Ìjọ ará Abẹ́òkúta lọ wo Pétérù Kìíní 2:9 nínú Bíbélì tó jogún: “a peculiar people”. Àwọn Crowther tún mọ̀ ọ́n: “ènìyàn ọ̀tọ̀” ni wọ́n kọ.

“Mess” ní tirẹ̀, oúnjẹ ni. “Mittere” ni kí a rán nǹkan, “missus” ni ohun tí a rán. Oúnjẹ tí wọ́n bù tí wọ́n gbé ránṣẹ́ sórí tábìlì, àwo kan, ni mess. Ó wà nínú Gẹ́nẹ́sísì 43:34 ti King James: Jósẹ́fù gbé mess ránṣẹ́ sí àwọn arákùnrin rẹ̀ láti iwájú rẹ̀, ti Bẹ́ńjámínì sì jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn tó jọ ń jẹun náà di mess, ìyẹn ló fi wà ní bárékè àwọn ṣójà títí dòní. Ìgbà tó yá ni wọ́n fi ń pe oúnjẹ àdàpọ̀ tí wọ́n ń dà fún ẹran, ibẹ̀ ló gbà di ìdàrúdàpọ̀.

Dùgbẹ̀ ni ìyá mi ti ń tajà. Bó bá dé lálẹ́ tó bá àwo ọ̀sán nílẹ̀ tí a kò fọ̀, ẹ̀bà ti gbẹ mọ́ ọn lára, “Ẹ wo pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì!” ni yóò kọ́kọ́ ké, ẹrù ò tíì kúrò lórí rẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Nínú gbogbo àwọn tó ń pe ọ̀rọ̀ náà n'Ìbàdàn nígbà yẹn, àwọn akọ̀wé ibẹ̀, àwọn lọ́yà ibẹ̀, òun ló sún mọ́ ìdí rẹ̀ jù. Àwo oúnjẹ ló ń bá wí.